Ọdún Tí Ẹ̀rọ Bẹ̀rẹ̀ Sí Í Kàwé fún Bàbá Mi

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, kò sí ẹni tó jókòó ṣòfin fún wa nínú ilé, ṣùgbọ́n gbogbo wa la bẹ̀rẹ̀ sí í pa òfin kan mọ́: korobá kò gbọdọ̀ dúró lójú ọ̀nà. Bí mo bá ti fa omi tán nínú kànga, mà á gbé korobá lọ sí ìdí ògiri, mà á tún fi ẹsẹ̀ tì í mọ́ ibẹ̀ dáadáa. Àga kì í kúrò níbi tí a bá fi í sí. Ilẹ̀kùn á ṣí gbayawu tàbí kó tì pinpin, kò gbọdọ̀ wà láàárín méjèèjì. Màmá mi, tó jẹ́ aránṣọ ní Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́, máa ń gbé iṣẹ́ tó bá kù wálé, ó sì ti wọ́ máṣíìnì rẹ̀ kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ sí igun pálọ̀ níbi tí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni kò ti lè kọ lù ú. Àwa ọmọ pàápàá, èmi àti Káyọ̀dé àbúrò mi, kọ́ bí a ṣe ń dún bí a bá ń bọ̀. Mà á fi sálúbàtà gbá ilẹ̀ pá, pá. Káyọ̀dé á máa kọrin tí kò lórí tí kò nídìí. Ìdí ni pé ojú bàbá mi ń lọ, òun fúnra rẹ̀ kò sì tíì fẹ́ kí a pe ọ̀rọ̀ náà lórúkọ.

Tíṣà ni bàbá mi. Ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ àti omi àti ojú ọjọ́ ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama tí èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sí lọ́dún náà. Nínú kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan tó wà ní pálọ̀ wa, ó ti ń kọ ìwé kan láti ìgbà tí mi ò tíì mọ ABD, ìwé nípa àwọn odò àti òkè agbègbè wa, lédè òyìnbó, fún àwọn ọmọ ilé-ìwé. Ohùn tí mo fi mọ ilé wa nígbà yẹn ni ohùn ìka rẹ̀ lórí kíbọ́ọ̀dù lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, pẹ̀lú kíríkírí máṣíìnì màmá mi, àti ẹ̀rọ ata tí aládùúgbò wa máa ń tàn lẹ́yìn ògiri, tí iná ilé wa á sì rẹlẹ̀ wìì bó bá ti ń lọ̀ ọ́. Lọ́dún yẹn, ohùn ìka bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í dáwọ́ dúró. Á tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, á súnmọ́ ojú kọ̀ǹpútà náà títí imú rẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án, á mí kanlẹ̀, á sì pa á. Dókítà tí ó lọ rí ti sọ fún un pé ohun tó ti lọ nínú ojú náà kò ní padà, pé oògùn tí wọ́n ń kán sí i kàn lè dá èyí tó kù dúró fúngbà díẹ̀ ni. Èmi kò mọ èyí nígbà náà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí màmá mi bá ń bu ọbẹ̀, ó máa ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ kan ọwọ́ bàbá mi kí ó tó gbé àwo síwájú rẹ̀, bí ẹni pé ó kàn ṣèèṣì ni.

Ní ilé-ìwé ni nǹkan ti tú. Èmi gan-an wà ní kíláàsì lọ́jọ́ náà. Bàbá mi ní kí ọmọkùnrin kan bá òun gbé àwòrán ilẹ̀ Nàìjíríà kọ́ ara ògiri. Mi ò mọ̀ bóyá ọmọ náà mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni àbí kò fara balẹ̀, ó gbé e kọ́ ní ìdoríkodò, orí rẹ̀ nísàlẹ̀. Bàbá mi mú ọ̀pá, ó nà án sí ìsàlẹ̀ níbi tó ti ń nà án sí láti ọdún pípẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa àwọn Ìlàjẹ létíkun, nípa ẹja àti omi iyọ̀ àti ilé tí wọ́n kọ́ sórí igi nínú omi. Ibi tí ọ̀pá náà wà ni ìpẹ̀kun Òkè Ọya, lẹ́bàá aṣálẹ̀. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ẹ̀rín náà kú lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pé wọ́n rí i pé kò mọ ohun tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí. Títí di òní, kíkú tí ẹ̀rín yẹn kú máa ń dùn mí ju ẹ̀rín náà lọ. Mo délé, mo sọ fún màmá mi bó ṣe rí, ó sì gbé aṣọ tó ń rán sílẹ̀, kò gbé e mọ́ lọ́jọ́ náà.

Kò pẹ́ tí ọ̀gá àgbà ilé-ìwé wa, obìnrin kan tó máa ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, fi pe bàbá mi. Kì í ṣe ìkà ènìyàn. Ó ní òun ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, òun kò sì fẹ́ kọ nǹkan kan ránṣẹ́ sí àwọn tó wà lókè láìjẹ́ pé òun gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ó ní kí ó lọ lo ìsinmi Àjíǹde, kó ronú, bí wọ́n bá sì wọlé padà, kó wá sọ fún òun bí yóò ṣe máa ṣe iṣẹ́ náà. Bàbá mi sọ èyí fún màmá mi ní yàrá, mo sì gbọ́ ọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Màmá mi bi í pé kí ló wá fẹ́ sọ fún obìnrin náà. Ó ní òun kò mọ̀.

A lọ lo ìsinmi náà ní ìlú Oǹdó lọ́dọ̀ ìyá bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Oǹdó. Ilé rẹ̀ kì í dákẹ́. Láàárọ̀, odó ni. Lọ́sàn-án, ewúrẹ́ àti àwọn tó ń wá kí i. Nírọ̀lẹ́, odó tún ni, nítorí Ìyá gbà pé ẹni tí kò bá jẹ iyán sùn kò tíì jẹun. Ẹnu Oǹdó tó jinlẹ̀ ló ń sọ, tí èmi ọmọ Àkúrẹ́ máa ń sáré tẹ̀ lé lẹ́yìn. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá ojú bàbá mi mú, ó wò ó lọ wò ó bọ̀, bí ẹni ń wo ọmọ ìkókó. Ó fẹ́ fi òwe tù ú nínú. Ó ní, "Akinọlá, bí a bá ń sunkún, à á máa..." Ọ̀rọ̀ náà kú sí i lẹ́nu. Òwe tí gbogbo ayé ń pa ni, pé ẹni tó ń sunkún a máa ríran. Ó yí padà sí ìdí iná, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ro ọbẹ̀ tí kò béèrè pé kí wọ́n ro òun.

Àǹtí Mopé ló bá wa níbẹ̀. Àbúrò bàbá mi ni, ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan nínú ìlú níbi tí ó ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ó dúdú, ara rẹ̀ ń dán, nítorí náà ni màmá mi, tí kò lè pe ọmọ ilé ọkọ rẹ̀ lórúkọ, ṣe máa ń pè é ní Adúmáadán. Kò fi òwe tu bàbá mi nínú. Ó jókòó tì í lórí ìjókòó, ó ń bi í ní ìbéèrè bí ẹni ń wádìí ẹ̀rọ tó bàjẹ́. Ṣé ó ṣì ń rí ìmọ́lẹ̀? Ṣé ó ń rí lẹ́tà tó bá tóbi? Ṣé ó lè tẹ kíbọ́ọ̀dù láìwò ó? Bàbá mi ní òun ti kọ́ títẹ̀ kí òun tó ṣe tíṣà rárá, pé ìka òun mọ ibi tí lẹ́tà wà. Àǹtí Mopé mi orí. Ó ní ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní Linux. Ó ní bí Windows tó wà nínú kọ̀ǹpútà ilé wa ni, ohun tó ń darí gbogbo ẹ̀rọ, àmọ́ àwọn tó ṣe é fi í sílẹ̀ fún ayé lọ́fẹ̀ẹ́, àti pé ohùn kan wà nínú rẹ̀ tó lè ka gbogbo ohun tó bá wà lójú kọ̀ǹpútà síta. Irú ohùn bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ń tà fún Windows kọjá agbára wa. Ẹ̀rọ àtijọ́ ilé wa kò sì ní lè gbé èyí dáadáa, ó ti rẹ̀ ẹ́ jù. Ó ní òun á to òmíràn fún un.

Màmá mi kò fẹ́ ẹ. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, nítorí ilé ọkọ rẹ̀ la wà, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́. Ẹ̀rù ìwé tó wà nínú kọ̀ǹpútà náà ló ń bà á. Ó ti rí i ní ọjà bí ọmọ kan ṣe ní òun fẹ́ tún kọ̀ǹpútà oníṣòwò kan ṣe, tó sì pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́. Ó ní ìwé yẹn nìkan ni iṣẹ́ ojú ọkọ òun tó kù láyé.

Àǹtí Mopé gbọ́ ọ tán. Ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ̀rù tó yẹ kó bà yín nìyẹn. Nítorí ẹ̀ ni mi ò fi ní jẹ́ kí dísìkì àtijọ́ yẹn, ibi tí ìwé náà wà, wọ inú ẹ̀rọ tuntun títí màá fi parí. Màá kọ́kọ́ da ìwé náà kọ sí ibòmíràn. Ẹni tó bá fẹ́ dán Linux wò, tí kò kọ́kọ́ pa ohun tó ní mọ́, ìyẹn ò tíì ṣe tán."

Ó wá sí Àkúrẹ́ kí ìsinmi tó parí, ó gbé páálí kan dání tó fi aṣọ àtijọ́ wé nǹkan sí nínú bí ẹni wé ẹyin. Màmá mi nu tábìlì oúnjẹ títí omi fi gbẹ lára rẹ̀. Àǹtí Mopé ní kí a má tẹ́ aṣọ sí i, kí a má sì fi ẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì. Ó ní iná kékeré kan wà nínú ara ènìyàn tí a kì í mọ̀, tó lè pa ẹ̀rọ láìdún, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan nǹkan kan, kó kọ́kọ́ fọwọ́ kan irin àpótí tí ẹ̀rọ náà máa wà nínú rẹ̀. Káyọ̀dé ń fọwọ́ kan irin ní gbogbo ìgbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó fún un ní iṣẹ́ kankan. Bàbá mi jókòó sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì. Bí Àǹtí Mopé bá ti mú nǹkan jáde, á fi í sí ọwọ́ rẹ̀, á sọ ohun tó jẹ́: pátákó tí gbogbo nǹkan ń so mọ́, ọpọlọ ẹ̀rọ tí àwọn irin wẹ́wẹ́ wà nísàlẹ̀ rẹ̀, mẹ́mórì tó gùn tó pẹlẹbẹ, àpótí tó ń pín iná. Ó ní ibi tí àwọn tó ń to kọ̀ǹpútà fúnra wọn ti máa ń ṣubú ni pé wọ́n á ra ohun tó dára lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ tí kò bára mu. Ó ní bí ìgbéyàwó ni. Bàbá mi rẹ́rìn-ín, èyí tí a kò gbọ́ láti ìgbà díẹ̀.

Nígbà tí ó tò ó tán, tó so iná mọ́ ọn, tó tẹ̀ ẹ́, fáànù yí díẹ̀, ó sì dúró. Ó tún un tẹ̀. Ó yí, ó dúró. Ojú kọ̀ǹpútà náà dúdú. Mo wo màmá mi, màmá mi ń wo bàbá mi, bàbá mi sì kọ ojú sí ibi tí ariwo fáànù ti wá, ó ń retí. Àǹtí Mopé bẹ̀rẹ̀ sí í tú gbogbo rẹ̀, ó ní bí ẹ̀rọ bá kọ̀, kí á dín in kù títí kò fi ní ku nǹkan kan tí a kò nílò, kí á wá máa dá a padà ní ìkọ̀ọ̀kan. Ó dín in kù. Kò jí síbẹ̀. Òógùn ń ṣẹ́ sí i lórí imú, mo sì mọ̀ pé ẹ̀rù ti ń ba òun náà. Ó bọ́ síta lọ fọ ojú. Nígbà tó wà níta, bàbá mi fọwọ́ kan irin àpótí, ó na ọwọ́ síwájú, ó ń fi ìka wá inú pátákó náà díẹ̀díẹ̀, bí ó ṣe máa ń wá bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ láàárọ̀. Nígbà tí Àǹtí Mopé wọlé, ó ní, "Mopé, ihò kan ṣófo níbí, lẹ́bàá ọpọlọ ẹ̀rọ. Ṣé bó ṣe yẹ kó wà nìyẹn?"

Àǹtí Mopé tẹ̀ ba, ó wò ó. Wáyà kékeré kan tó ń gbé iná lọ bá ọpọlọ náà ni, ó ti wọ́ sẹ́yìn sáàárín àwọn wáyà yòókù, kò sì rí i. Ó kì í bọ̀ ọ́. Nígbà tó tún tẹ̀ ẹ́, fáànù yí, kò dúró mọ́, ìmọ́lẹ̀ sì yọ lójú kọ̀ǹpútà. Màmá mi jókòó sórí àpótí ìdáná láìmọ̀ pé òun jókòó.

Sídì kan ló fi Linux náà sí nínú. Ó ní a kọ́kọ́ máa tọ́ ọ wò ni, láti inú sídì yẹn, láìjẹ́ pé ó kan dísìkì kankan. Bí a kò bá fẹ́ràn rẹ̀, a ó yọ sídì, ẹ̀rọ á sì gbàgbé. Ó pẹ́ kí ó tó wọlé, sídì náà ń kùn bí oyin. Lẹ́yìn náà Àǹtí Mopé tẹ àwọn kọ́kọ́rọ́ kan lórí kíbọ́ọ̀dù, ohùn kan sì jáde láti inú sípíkà, ohùn gbígbẹ, tí kò ṣe ọkùnrin, tí kò ṣe obìnrin, tó ń fi èdè òyìnbó sáré bí ẹni tí ajá ń lé. Káyọ̀dé sá lọ sẹ́yìn màmá mi. Bàbá mi na ọwọ́ sókè. Ó ní kó rọra. Àǹtí Mopé dín eré rẹ̀ kù, ó sì fi kíbọ́ọ̀dù síwájú rẹ̀. Ó tẹ orúkọ ìlú wa. Ohùn náà pe Àkúrẹ́ bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Bàbá mi tún un tẹ̀, ó tún gbọ́ ọ, ó ní, "Kò gbọ́ Yorùbá, àmọ́ ó ń ríran."

Ó kù kí a fi í sínú dísìkì tuntun kó lè máa gbé ibẹ̀. Iṣẹ́ yẹn kò fẹ́ kí iná já láàárín, bẹ́ẹ̀ sì ni gbogbo ìgbà tí Ìyá Aláta ẹ̀yìn ògiri bá ti tan ẹ̀rọ rẹ̀ ni iná wa ń mì. Màmá mi lọ bẹ̀ ẹ́. Ọmọ bíbí Àkúrẹ́ ni, àwọn oníbàárà ti to abọ́ sílẹ̀ níwájú rẹ̀ lọ́sàn-án náà. Ó bi màmá mi kí ló ń ṣẹlẹ̀ ní ulé wa, bí wọ́n ṣe ń pe ilé ní Àkúrẹ́. Màmá mi, tí kò tíì sọ ọ́ fún aládùúgbò kankan rí, sọ ọ́ fún un níbẹ̀, lójú gbogbo àwọn tó ń dúró. Ìyá Aláta pa ẹ̀rọ. Ó ní bó bá jẹ́ ti ojú Tíṣà ni, ata á dúró. Àwọn oníbàárà náà dúró pẹ̀lú rẹ̀, a sì ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ títí Àǹtí Mopé fi ní ó ti parí, tó sì da ìwé bàbá mi kọ sínú rẹ̀.

Ní ọjọ́ tí ilé-ìwé wọlé padà, bàbá mi àti Àǹtí Mopé gbé odindi kọ̀ǹpútà náà sínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lọ bá ọ̀gá àgbà, Àǹtí Mopé gbá ojú kọ̀ǹpútà mọ́ra, bàbá mi gbé àpótí rẹ̀ sórí itan. Èmi wà ní kíláàsì, mo ń wo fèrèsé ọ́fíìsì náà, mi ò gbọ́ ohunkóhun tí wọ́n kọ́ wa. Bàbá mi ló sọ ìyókù fún wa nílé. Ó ní òun kò kọ́kọ́ tan ẹ̀rọ náà. Òun kọ́kọ́ dúró níwájú obìnrin náà, òun sì sọ pé ojú òun ń lọ, kò ní padà. Ó ní ìgbà àkọ́kọ́ tí òun máa gbọ́ ọ lẹ́nu ara òun nìyẹn. Lẹ́yìn náà ó tan ẹ̀rọ, ó tẹ ìbéèrè ìdánwò fún kíláàsì wa, ohùn náà sì ń kà á tẹ̀ lé e, ibi tó bá ti ṣe àṣìṣe, ó ń gbọ́ ọ, ó ń tún un ṣe. Ọ̀gá àgbà ní kó máa kọ́ wa lọ, kí tíṣà ọ̀dọ́ kan máa bá a fi ọwọ́ tọ́ka lórí àwòrán ilẹ̀, òun á sì kọ ohun tí òun rí ránṣẹ́ sí òkè. Nígbà tó yá, àwọn tó wà lókè ní kó fẹ̀yìn tì ṣáájú àkókò. Wọn kò bá a jà, òun náà kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ó kọ́ wa tán ní ọdún náà, gbogbo kíláàsì ló sì máa ń wò ó dáadáa kí wọ́n tó gbé àwòrán kọ́ ògiri.

Ìrọ̀lẹ́ kan ní òpin ọdún ni mo máa ń rántí jù. Ọyẹ́ ti dé, ètè gbogbo wa ti là. Màmá mi ń rán aṣọ Kérésìmesì àwọn oníbàárà, mo ń ṣa ẹ̀wà lórí ẹní, bàbá mi wà nídìí kọ̀ǹpútà, ohùn gbígbẹ yẹn ń ka orí tó kàn nínú ìwé rẹ̀ fún un. Gílóòbù pálọ̀ ń tàn yòò lókè wa. Bàbá mi gbé orí sókè lójijì, ó ní, "Ìyá Fúnmi, ṣé wọ́n ti mú iná lọ ni? Ẹ tan fìtílà fún ọmọ yìí, kó má ṣa òkúta pọ̀ mọ́ ẹ̀wà."

Ẹsẹ̀ màmá mi dúró lórí máṣíìnì. Mo wo gílóòbù, mo wo ojú bàbá mi tí ìmọ́lẹ̀ kún. Ohùn náà ṣì ń kàwé lọ. Mo rí i nígbà tí òun náà gbọ́ ọ, tó mọ̀ pé ẹ̀rọ tí iná kò sí kò lè sọ̀rọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lókè kíbọ́ọ̀dù.

Ó ní, "Iná wà."

Màmá mi dìde, ó gbé àga rẹ̀ kúrò nídìí máṣíìnì, ó gbé e lọ sí ẹ̀gbẹ́ bàbá mi, ó jókòó, ó sì fi èjìká kan èjìká rẹ̀. Lẹ́yìn náà bàbá mi wá kọ́kọ́rọ́ kan pẹ̀lú ìka, ó tẹ̀ ẹ́, ohùn náà sì padà sẹ́yìn, ó tún gbólóhùn tó kọjá kà: pé odò Ọwẹ́nà kì í gbẹ pátápátá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, pé ó máa ń ṣàn lọ lábẹ́ àwọn òkúta níbi tí ojú kò ti lè rí i. Bàbá mi ní òun fẹ́ pààrọ̀ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀.